Èmi àti Kẹ́hìndé Lọ Wo Oòrùn Wọ̀ ní Galveston

Ẹ̀yin ará Ìrágbìjí tí ẹ ń sọ kiri pé Bàbá Táyé kò dé Amẹ́ríkà, pé Ìbàdàn ni mo lọ sá pamọ́ sí, mo kí yín o. Ẹ sún mọ́ mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, ẹ máa ń da mẹ́sàn-án nù kí ẹ tó gbé ọ̀kan lọ sílé. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ gbé gbogbo rẹ̀. Èyí tí ó bá wúwo jù, ẹ pín in gbé.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ka ìkẹfà, nítorí ó dùn mọ́ mi. Nítorí náà, ẹ má retí gírámà. Ojú mi ló kàwé jù lára mi.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi

Ọmọ mi Bọ́sẹ̀, tí ó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Houston, ló ní kí n wá wo ilé òun. Ẹni tí ó rán mi níṣẹ́ gan-an ni ìyàwó Kẹ́hìndé.

Ẹ̀yin àgbà mọ Kẹ́hìndé, ìkejì mi. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ wo ojú mi, ẹ ti rí i. A kì í sọ pé ìbejì kú. Ohun tí à ń sọ ni pé ó lọ ṣẹ́gi. Kẹ́hìndé lọ ṣẹ́gi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì tíì dé.

Láti kékeré, àwa méjèèjì kò dá fótò yà rí. Lọ́dọ̀ onífótò ẹ̀gbẹ́ ọjà, Kẹ́hìndé á jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún nítorí òun ni ẹ̀gbọ́n, èmi á wà lósì, a ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, a ó le ojú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jọba. Láti ìgbà tí ó ti lọ ṣẹ́gi, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya èmi nìkan. Ti pásípọ́ọ̀tù nìkan ni mo gbà, bí ẹ bá sì wo ojú mi nínú rẹ̀, ẹ ó rò pé ọlọ́pàá ló dì mí mú.

Ohun kan wà tí Kẹ́hìndé fẹ́ rí. Ẹ mọ̀ pé nílé wa níhìn-ín, òkè ni ó máa ń gbé oòrùn mì. Ó gbọ́ níbì kan pé létí òkun, inú omi ni oòrùn ń wọ̀ sí, kò sì gbádùn mọ́. Ẹni tí ó bá ti ti Èkó dé, yóò bi í pé, “Nígbà tí oòrùn bá kan omi, ṣé omi náà kì í hó?” Kò rí ẹni dá a lóhùn.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́ pé mò ń lọ, ó wá bá mi lórí àga.

“Ọkọ mi, wọ́n ní òkun wà nítòsí ibi tí ẹ ń lọ.”

“Ó wà.”

“Ẹ mú ọkọ mi dání. Kí ẹ̀yin méjèèjì ya fótò níbi tí oòrùn ti ń wọ̀, kí ẹ mú un bọ̀ wá fún mi. Ògiri mi ṣófo.”

Ẹnu mi yá bí ó ti máa ń yá, mo ní ó ti parí. Ó lọ tán ni mo tó bi ara mi pé báwo ni ó ṣe máa parí. Onífótò ẹ̀gbẹ́ ọjà mọ ọgbọ́n rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ ṣẹ́gi, á ya èyí tí ó kù lósì, á tún yà á lọ́tùn-ún, á so méjèèjì pọ̀ nínú yàrá òkùnkùn tí ó ti ń fọ fótò, wọ́n á sì di méjì lórí ìwé kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ta fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí kò mọ yàrá òkùnkùn, àfi bí iná bá lọ.

Ìlú tí kò ní ìparí

Bí mo ti yọ ní pápákọ̀ òfuurufú Houston, Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi níwájú gbogbo ayé. Ọlọ́pàá obìnrin kan sáré gbé omi wá, ó rò pé ọmọ mi dákú ni. Mo sọ fún un ní Yorùbá pé, “Bàbá rẹ̀ ni ó ń kí.” Ó mi orí, ó sì gbé omi náà fún èmi. Ẹ̀yin ẹ sọ pé kò gbọ́.

Ọ̀nà wọn, fíríwèé ni wọ́n ń pè é. Ó fẹ̀ dé ibi pé adìyẹ tí ó bá fẹ́ sọdá rẹ̀ yóò yé ẹyin lágbedeméjì, yóò sàba lé e, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò sì parí ìrìn náà. A rìn, a rìn, mo ní, “Bọ́sẹ̀, ìlú wo la dé yìí?” Ó ní Houston ni. Mo sùn, mo jí, mo tún bi í. Ó ní, “Houston náà ni, Dádì.” Mo ní ṣé ọmọ aráyé kò lè kọ́ ilé dé ibì kan kí ó sọ pé ó tó?

Cypress, létí Houston, ni Bọ́sẹ̀ ń gbé, níbi tí gbogbo ilé ti jọra bí èmi àti Kẹ́hìndé. Lọ́jọ́ kejì mo jáde lọ na ẹsẹ̀, mo padà, mo jókòó síwájú ilé, mo bọ́ bàtà mi. Obìnrin kan tí n kò rí rí ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí, ó wọlé, ó gbé omi àti bísíkíìtì jáde, ó sì jókòó tì mí. A wà níbẹ̀ pẹ́, òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ìwé mẹ́fà mi, èmi náà kò gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tí Bọ́sẹ̀ wá mi dé ibẹ̀ ni mo mọ̀ pé ilé kẹta sí tiwa ni. Èmi kò kábàámọ̀. Bísíkíìtì yẹn dára.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú nínú ìwà wọn. Wọ́n á pàdé rẹ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní báwo ni nǹkan. Wọn kì í sì í dúró gbọ́ ìdáhùn. Ọkùnrin kan bi mí bẹ́ẹ̀ níwájú ilé ìtajà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti orí orúnkún mi, kí n tó kan ẹ̀yìn, ó ti wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Àṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dágbére.

Ìbọ̀sẹ̀ Olúwa

Òtútù wọn kò níwà. Láàárọ̀ mo wọ jákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Lọ́sàn-án mo wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Nírọ̀lẹ́ òjò dé, mo tún ń wá jákẹ́ẹ̀tì. Ojú ọjọ́ mẹ́ta nínú ọjọ́ kan, bí orogún mẹ́ta nínú ilé kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bọ́sẹ̀ gbé mi lọ sí ìjọ aláṣọ funfun wa ní Mission Bend. Inú ṣọ́ọ̀bù gígùn kan ni wọ́n ti ń jọ́sìn, ẹni tí ń fọ aṣọ wà lápá ọ̀tún, ẹni tí ń ta táyà wà lápá òsì. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Báyìí ni a ṣe to lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti ibi ọkọ̀, gbogbo wa nínú aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ tí ó tutù bí ojú àna tí a kò san ẹ̀bùn fún. Ìyá òyìnbó kan tí ó wá fọ aṣọ rí wa. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí a fi máa jáde, ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ńlá: ìbọ̀sẹ̀ ni, tuntun, oríṣiríṣi àwọ̀, tó gbogbo ìjọ.

Wòlíì wa wo ìbọ̀sẹ̀, ó wo ìyá náà, ó wo òkè. Ó ní, “Bàtà la kà léèwọ̀. Ẹnikẹ́ni kò rí ìran nípa ìbọ̀sẹ̀.” Gbogbo wa wọ̀ ọ́. Tèmi ní àwòrán ọ̀bọ.

Ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀. Wọ́n ní edé kan tí ó ní èékánná bí alákàn, wọ́n á sè é pẹ̀lú ata àti àgbàdo, wọ́n á dà á sórí tábìlì láìsí abọ́. Àgbà òṣìṣẹ́, àgbà adájọ́, gbogbo wọn ni wọ́n ń fi ọwọ́ ya á. Mo ní, “Bọ́sẹ̀, ìwọ ni o sọ fún mi pé kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń di fọ́ọ̀kì mú.” Ó dorí kodò.

Àrùn tí ó ń ṣe Bọ́sẹ̀

N kò mọ̀ pé ọmọ mi ní àrùn fótò. Nígbà òtútù, bí ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ bá ti pé, á di kámẹ́rà àti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sínú ọkọ̀, ó di etí òkun Galveston. Oòrùn tí ń wọ̀ nìkan ni ó ń yà. Ó kó wọn hàn mí: èyí tí ó pupa bí epo, èyí tí ó dà bí ẹyin tí ó fọ́ sínú awo, èyí tí ó fi ìdajì ojú yọ bí ẹni tí ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ara mi yá gágá.

Ó ní nígbà ooru, ẹ̀yìn ilé àwọn ènìyàn ni oòrùn ń wọ̀ sí níbẹ̀. Nígbà òtútù ni ó máa ń yẹ̀ sí apá gúúsù, tí á wá wọ̀ létí omi.

“Oòrùn ń ṣí kiri?”

“Ó ń ṣí kiri, Dádì.”

“Bíi darandaran?”

“Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun tí mo sì fẹ́ ni pé kí ẹ dúró síwájú rẹ̀ kí n yà yín. Ẹ̀yin á dúdú, ẹ̀yìn yín á máa jó bí iná.”

“Onífótò wo ló ń kọjú sí oòrùn? Ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí i, kí ojú ẹni lè hàn.”

“Dádì, ayé ìgbà yẹn nìyẹn.”

“N kì í dá fótò yà.”

“Ẹ ti bẹ̀rẹ̀.”

Mo wá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un: iṣẹ́ tí ìyàwó Kẹ́hìndé rán mi, àti ẹnu mi tí ó yá jù. Bọ́sẹ̀ jókòó. Ó ní, “Ṣùgbọ́n Bàbá Kẹ́hìndé ti...” Mo gbé ojú sí i.

“Wọ́n lọ ṣẹ́gi, sà,” ni ó wí.

Ó ní òun lè fi kọ̀ǹpútà lẹ̀ wá pọ̀, kí òun yà mí lónìí lápá òsì, kí òun yà mí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún. Mo kọ̀. Mo ní oòrùn kan náà ni àwa méjèèjì gbọ́dọ̀ wò. Ìbejì kì í wo oòrùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bọ́sẹ̀ ronú títí, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní fóònù òun ní ọ̀nà fótò yíyà kan tí ó máa ń rọra wo láti òsì lọ sí ọ̀tún, bí ẹni tí ń ka ìwé, gbogbo ohun tí ó bá rí á sì di fótò gígùn kan ṣoṣo. Bí mo bá dúró lósì, tí fóònù bá ti kọjá mi, kí n gba ẹ̀yìn òun sáré lọ dúró lọ́tùn-ún kó tó débẹ̀.

“Á rí yín lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ ó sáré o, Dádì.”

Ẹ̀yin ará mi, èmi tí ẹ mọ̀ yìí, tí mò ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dé ṣáláńgá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ eré ní ẹ̀yìnkùlé ní Cypress. Ìyá bísíkíìtì máa ń yọjú lórí ọgbà rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Etí omi

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a lọ, kùrukùru ti jẹ òkun tán. N kò rí omi, n kò rí ẹsẹ̀ ara mi. A jẹ ẹja díndín, a padà sílé. Òjò gba ọjọ́ ìsinmi Bọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ku ọ̀kan ṣoṣo kí n tó wọ bàálù padà. Bí oòrùn kò bá yọ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ òfo ni n ó gbé lọ bá obìnrin yẹn àti ògiri rẹ̀.

Ó yọ. A dé ìparí erékùṣù Galveston nígbà tí ó ti ń sọ̀kalẹ̀, mo sì dúró láìlè sọ̀rọ̀, èyí tí Bọ́sẹ̀ ní òun kò rí rí. Omi ló kún ojú mi, òkun ni mo wí, kì í ṣe ẹkún. Ó ń mí bí màlúù ńlá. Àwọn ẹyẹ kan ń fò lọ ní ìlà kan, wọ́n ní àpò lábẹ́ àgbọ̀n bí alájàpá. Ọ̀kan bọ́ sínú omi lójú mi, nígbà tí ó jáde, ẹja inú àpò rẹ̀ ṣì ń bá ara wọn jà. Atẹ́gùn ibẹ̀ sì ń wọ inú egungun lọ jókòó.

Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí ó gún ọ̀pá ìpẹja sínú iyanrìn. Deer Park ló ti wá, níbi tí ó ti lo ayé rẹ̀ nílé iṣẹ́ ìfọpo. Ó ti ṣa àwọn igi tí òkun gbé jù sétí omi jọ, ó fẹ́ fi wọ́n yáná. Ó rí bí mo ṣe ń na ẹsẹ̀, ó bi Bọ́sẹ̀ pé kí ni bàbá yìí fẹ́ ṣe. Bọ́sẹ̀ sọ fún un pé ìbejì ni mí. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Bàbá Deer Park ṣí fìlà rẹ̀, ó tún dé e, kò sì bi wá ní nǹkan mọ́.

Bọ́sẹ̀ gbé fóònù. Mo dúró lósì, mo gbé ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo le ojú. “Ó yá, Dádì!” Mo gba ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń sáré bọ̀, àfi bí obìnrin kan tí ó fa ajá lọ́wọ́ ṣe kò mí lójú, tí ó ní báwo ni nǹkan.

Ó sì dúró. Ẹ gbọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yẹn, òun lẹni àkọ́kọ́ tí ó bi mí tí ó dúró gbọ́ ìdáhùn. Ta ni yóò kí àgbà tí àgbà kò ní jẹ́? Mo ní a dúpẹ́, mo bi í léèrè ilé, mo bi í léèrè ọmọ, mo bi í léèrè ajá. Gẹ̀ẹ́sì ìwé mẹ́fà mi ṣàn bí odò. Orí orúnkún mi ni mo dé nígbà tí Bọ́sẹ̀ ké.

“Dádì, fóònù ti kọjá!”

Ó fi fótò náà hàn mí. Èmi rèé lósì. Oòrùn rèé láàárín. Ọwọ́ ọ̀tún, iyanrìn lásán. Ẹ̀yin ará mi, n kò fẹ́ràn bí àyè yẹn ṣe rí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sá fún un, òun nìyẹn nínú fótò, ó ń wò mí.

Oòrùn ti fi ẹsẹ̀ kan omi. Bọ́sẹ̀ ní, “Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù, Dádì. Ẹ má kí ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́.”

“Bí wọ́n bá kí mi ńkọ́?”

Ó wo Bàbá Deer Park, ó sọ ọ́ fún un. Bàbá náà dìde. Ó lọ dúró lẹ́yìn Bọ́sẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí ń dá màlúù dúró, ó sì kígbe sí gbogbo ẹni tí ó wà létí omi. Bọ́sẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún mi: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kí bàbá yìí. Bí ẹ bá kí i, á dáhùn.” Obìnrin alájá fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, ó fi èkejì bo ti ajá.

“Ó yá!”

Mo sáré. Mo sáré débi pé òjìji mi ń bẹ̀ mí pé kí n dúró de òun. Fìlà mi fò, mo fi í sílẹ̀. Níbi òkìtì igi Bàbá Deer Park, iyanrìn yọ̀ lábẹ́ mi, orúnkún mi yẹ̀, mo ń lọ sílẹ̀. Mo na ọwọ́, ohun tí ó bọ́ sí i ni mo gbá mú, mo fi tẹlẹ̀, mo dìde, eré ń bá eré lọ. Mo dé apá ọ̀tún. Mo dúró. Èémí kò sí, ṣùgbọ́n mo dúró, mo gbé ojú sókè bí Kẹ́hìndé ṣe máa ń gbé e, nítorí ibi tirẹ̀ ni mo wà.

Fóònù rọra wò mí, ó kọjá.

Oòrùn wọ inú omi lọ. Gbogbo etí òkun dákẹ́ nítorí wọ́n ṣì ń bẹ̀rù àtikí mi. Mo tẹ́tí sílẹ̀ fún Kẹ́hìndé. Ó hó. Ó hó díẹ̀, fííìì, bí ìgbà tí a ki irin gbígbóná bọ omi ní ilé alágbẹ̀dẹ. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó lọ gbọ́ tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kí mi, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nídìí iná Bàbá Deer Park, títí ajá fi sùn.

Ògiri

Bọ́sẹ̀ tẹ fótò náà jáde, ó gùn tó apá mi. Mo ká a bí ẹní, n kò sì jẹ́ kí wọ́n bá mi gbé e nínú bàálù. Mo dé tán, n kò wẹ̀, mo gbé e lọ bá ìyàwó Kẹ́hìndé.

Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ìgò ata tẹ igun rẹ̀ kan, ó fi ọwọ́ tẹ èkejì. Ọ̀run pupa láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Oòrùn wà láàárín, ìdajì rẹ̀ ti wọ omi. Ọkùnrin méjì sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí Bọ́sẹ̀ ti wí gan-an ni, ẹ kò lè rí imú, ẹ kò lè rí ojú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Mo ní, “Ìyàwó mi, ayé òde òní ni. Ojú kò hàn. Ọmọ náà ní bí wọ́n ṣe ń yà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí ọwọ́ ọ̀tún, òun ni...”

“Mo ti rí i,” ni ó wí.

Ó fi ìka kan ọkùnrin ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí kò dé fìlà. Ó sún ìka náà lọ sí ọwọ́ rẹ̀. Èmi náà tẹ̀ ba fótò, nítorí n kò kíyè sí i láti Houston títí dé ilé. Igi wà lọ́wọ́ rẹ̀, gígùn, ẹ̀ka rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Èyí tí mo gbá mú nígbà tí mo fẹ́ ṣubú ni; n kò rántí jù ú sílẹ̀.

Obìnrin náà wo igi yẹn títí. Ó wo òkun, ó wo bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe gbòòrò tó. Ó wá rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta.

“Ibi tí ó ti lọ ṣẹ́ ẹ nìyí?” ni ó wí. “Abájọ tí ó fi pẹ́.”